Ẹ̀dà Ìpamọ́ Tí Ilẹ̀ Ń Mọ́ Bá

Ohun tí ènìyàn bá ní ní ẹyọ kan ṣoṣo, kò tíì ní in tán. Àgbẹ̀ tí ó gbọ́n kì í kó gbogbo iṣu rẹ̀ lọ sí ọjà. Bí ebi tilẹ̀ ń pa á, a máa mú èyí tí yóò fi ṣe èbù sọ́tọ̀. Akọ̀wé tí ó ń kọ ìwé àdéhùn ilẹ̀ kì í kọ ọ́ ní ẹyọ kan. Ẹ̀dà kan a wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ra ilẹ̀, òmíràn a wà lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á, kí ó má baà di pé iná jó ilé kan, kí ẹ̀rí sì bá a jóná. Èrò kan náà ni ó wà nídìí iṣẹ́ tí àwọn olùtọ́jú kọ̀ǹpútà ń ṣe ní alaalẹ́ nígbà tí àwọn ẹlòmíràn bá ti sùn. Iṣẹ́ náà ni ṣíṣe ẹ̀dà ìpamọ́.

Ní ilé ìfowópamọ́, ní ilé ìwòsàn, ní yunifásítì àti ní ilé iṣẹ́ ìjọba, kọ̀ǹpútà kan máa ń wà tí kì í ṣe ti ẹnì kan. Kò sí ẹni tí í jókòó tì í láti tẹ lẹ́tà lórí rẹ̀. Inú yàrá tútù kan ni ó sábà máa ń wà, tí ó ń kùn bí oyin tọ̀sán tòru. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa tọ́jú ìwé fún gbogbo àwọn kọ̀ǹpútà yòókù, kí ó sì máa fún olúkúlùkù ní èyí tí ó bá béèrè. Sáfà ni orúkọ rẹ̀. Káàdì àwọn aláìsàn, ìṣirò owó àwọn tí ó fi owó pamọ́, máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́, gbogbo rẹ̀ wà nínú sáfà. Orí díìsìkì ni ó ń kó wọn sí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ ikú díìsìkì: òmíràn a ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, òmíràn a kú ní oṣù kẹta láìṣe àìsàn. Yàtọ̀ sí ikú díìsìkì, iná lè jó yàrá náà, olè lè jí ohun tí ó wà níbẹ̀, ọwọ́ ènìyàn sì lè ṣèèṣì pa ohun tí kò yẹ kí ó pa rẹ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń da gbogbo ohun tí ó wà nínú sáfà kọ sí ibòmíràn, sórí díìsìkì mìíràn tàbí sórí téèpù. Ó sì dára kí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dà náà jìnnà sí ilé tí sáfà wà.

Òru ni wọ́n sábà máa ń yàn fún iṣẹ́ yìí nítorí ìdí méjì. Lọ́nà kìíní, ẹni tí ó bá ń da ìwé kọ nígbà tí ẹni tí ó ni ìwé ṣì ń kọ ọ́ lọ́wọ́ yóò rí i pé ojú ewé àkọ́kọ́ jẹ́ ti àná, ti ìkẹyìn sì jẹ́ ti òní. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò bá ara rẹ̀ mu. Lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, dída nǹkan kọ ń gba agbára lọ́wọ́ sáfà, bí wọ́n bá sì ń ṣe é ní ọ̀sán gangan, àwọn tí ń ṣiṣẹ́ yóò máa ráhùn pé ohun gbogbo ń wọ́ bí ìgbín. Nítorí náà, wọ́n ń fún ẹ̀dà ìpamọ́ ní ààyè wákàtí díẹ̀, bóyá láti aago 10 alẹ́ sí aago 6 òwúrọ̀. Àkókò yìí dà bí ẹnubodè ìlú àtijọ́: ó ní wákàtí tí wọ́n ń ṣí i, ó sì ní wákàtí tí wọ́n ń tì í, ẹni tí ó bá pẹ́ dé yóò sun ìta.

Àìsàn tí ó ń bá iṣẹ́ yìí jà jù lọ ni ìfalẹ̀. Kì í pariwo. Bí díìsìkì bá kú, gbogbo ilé iṣẹ́ ni yóò mọ̀ kí ó tó pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí ó ti ń parí ní aago 2 òru tẹ́lẹ̀, tí ó wá ń parí ní aago 4, tí ó tún wá ń parí nígbà tí aago 6 bá ku díẹ̀, kò sí ẹni tí yóò béèrè rẹ̀, nítorí pé gbogbo ènìyàn ni ó sùn. Ọjọ́ tí ilẹ̀ bá mọ́ bá a lẹ́nu iṣẹ́ ni ariwo ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ dé, wọ́n tan kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n rí i pé kò dáhùn bọ̀rọ̀. Ọ̀gá pe olùtọ́jú sáfà, ó ní kí ó dá ohunkóhun tí ó ń ṣe dúró kí iṣẹ́ lè máa lọ. Ó dá a dúró. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ẹ̀dà tuntun tún bẹ̀rẹ̀, kò sì tún parí. Nígbà tí ó bá yá, ẹnì kan yóò sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ ná, títí di òpin ọ̀sẹ̀." Inú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "ná," ni òfò ń gbà wọlé. Ẹ̀dà tí kò parí kì í ṣe ẹ̀dà, gẹ́gẹ́ bí afárá tí ó dé àárín odò kì í ti í ṣe afárá.

Ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn aláìnísùúrù ni pé kí wọ́n ra ẹ̀rọ tí ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí owó kò bá sí, a máa fi ọwọ́ kan ohun gbogbo tí ó bá rí: lónìí a pààrọ̀ wáyà, lọ́la a yí ètò iṣẹ́ padà, lọ́tùn-únla a dín iye fáìlì kù. Bí ara bá yá ní ọjọ́ kẹrin, kò lè sọ oògùn tí ó wò ó sàn; bí kò bá sì yá, ó ti fi àìsàn mẹ́ta kún ọ̀kan. Àwọn àgbà ní ibi tí a fojú sí, ọ̀nà lè má gba ibẹ̀. Olùtọ́jú tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi ọwọ́ kan ohunkóhun ní ọjọ́ kìíní. A máa ṣe bí oníṣègùn tí ó kọ́kọ́ bi aláìsàn léèrè ìgbà tí orí fífọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ó tó na ọwọ́ sí àgbo.

Ìbéèrè kìíní tí ó ń béèrè ni èyí: ṣé ìfalẹ̀ náà dé lójijì ni, tàbí ó ń yọ́ bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́? Kò nílò láti bi ẹnikẹ́ni, nítorí pé ètò tí ń ṣe ẹ̀dà máa ń kọ ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní òròòru: wákàtí tí ó bẹ̀rẹ̀, wákàtí tí ó parí, iye fáìlì tí ó dà kọ, àti bí wọ́n ti tóbi tó. Ẹni tí ó bá ka ìròyìn 30 òru papọ̀ yóò rí òótọ́ ọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni àkókò náà ń gùn, tí ẹrù náà sì ń pọ̀ sí i bákan náà, kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Ilé ni ó ń kún, ọ̀nà sì wà bí ó ti wà. Ṣùgbọ́n bí ẹrù kò bá yí padà, tí iṣẹ́ tí ó gba wákàtí 5 ní ọjọ́ Ajé sì di ti wákàtí 40 ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ láàárín òru méjèèjì, ó sì kù sí ẹni tí yóò wá a rí. Àìsàn méjèèjì yìí kò gba oògùn kan náà.

Lẹ́yìn èyí, ó yẹ kí ó fi ojú inú rin ọ̀nà tí ẹrù náà ń gbà. Ọ̀nà náà ní apá mẹ́ta. Sáfà ní láti ka ohun tí ó wà lórí díìsìkì rẹ̀. Wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ní láti gbé e kọjá. Ẹ̀rọ tí ó wà ní òpin ọ̀nà sì ní láti kọ ọ́ sílẹ̀. Ní àárín wọn, ọpọlọ kọ̀ǹpútà sábà máa ń fún ẹrù náà pọ̀ kí ó lè kéré, tàbí kí ó sọ ọ́ di àrokò tí ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò lè kà. Ìyára gbogbo iṣẹ́ náà kì í ṣe ìyára èyí tí ó yára jù nínú wọn. Ìyára èyí tí ó lọ́ra jù ni. Bí odò bá kún dé bèbè, tí ìkòkò ilé sì tóbi bí ahéré, ẹnu akèrègbè tí wọ́n fi ń pọn omi ni yóò sọ ìgbà tí ìkòkò yóò kún. Ẹni tí ó bá ra ìkòkò tuntun nígbà tí ó jẹ́ pé akèrègbè ni ó há lẹ́nu, owó rẹ̀ ni ó jù nù.

Ìṣirò kékeré ni ó ń fi ibi tí ó há hàn nígbà púpọ̀. Kí a sọ pé ẹrù tí sáfà kan ń gbé ní òru jẹ́ tẹ̀rábáìtì 2, èyí tí í ṣe mẹ́gábáìtì 2,000,000. Báìtì ni wọ́n fi ń wọn ẹrù, ṣùgbọ́n bíìtì ni wọ́n fi ń wọn ìyára wáyà, bíìtì 8 ni ó sì ń di báìtì 1. Ẹni tí ó bá gbàgbé èyí yóò fi ìlọ́po 8 ṣi ìṣirò rẹ̀. Ọ̀nà tí ń gbé mẹ́gábíìtì 1,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń gbé mẹ́gábáìtì 125, bí ohunkóhun kò bá dí i lọ́wọ́. Ẹrù náà yóò kọjá níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 16,000, èyí tí kò pé wákàtí 4 àti ààbọ̀. Bí ó bá jẹ́ mẹ́gábíìtì 100 ni ọ̀nà náà ń gbé, mẹ́gábáìtì 12.5 péré ni yóò máa kọjá, ẹrù kan náà yóò sì gba ìṣẹ́jú àáyá 160,000, èyí tí ó ju wákàtí 44 lọ. Kò sí òru tí ó gùn tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó lè sọ 1,000 di 100 kéré púpọ̀. Nínú wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tí ó wọ́pọ̀ ní ilé iṣẹ́, okùn bàbà tín-ín-rín 8 ni ó wà, tí wọ́n lọ́ mọ́ ara wọn ní méjìméjì. Ìyára 1,000 ń lo gbogbo okùn 8. Ìyára 100 ń lo 4 péré. Bí ẹsẹ̀ àga bá tẹ wáyà náà, tàbí bí eku bá gé ọ̀kan nínú okùn 4 tí ìyára 100 kò lò, ẹ̀rọ méjì tí ó wà ní ìpẹ̀kun wáyà lè fẹnu kò láàárín ara wọn pé àwọn yóò máa lo ìyára 100, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Iná kékeré tí ó wà níbi tí wáyà ti wọ ẹ̀rọ ṣì ń tàn. Lẹ́tà ṣì ń lọ, ìwé ṣì ń ṣí, nítorí pé ẹrù ọ̀sán kò wúwo. Òru ni ó ń tú àṣírí. Níbi tí ọ̀gá ti ń wá owó sáfà tuntun, wáyà kúkúrú kan tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ni ó yẹ kí wọ́n rà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wáyà ń jẹ̀bi, a kì í sì í dá ẹjọ́ láìgbọ́ tẹnu gbogbo ẹlẹ́rìí. Olùtọ́jú ní láti bi apá ọ̀nà kọ̀ọ̀kan léèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Yóò kọ́kọ́ ní kí sáfà ka fáìlì ńlá kan láti orí díìsìkì, kí ó sì dà á nù láìfi í ránṣẹ́ sí ibikíbi. Àwọn kọ̀ǹpútà tí ń lo Unix tàbí Linux ní ibi kan fún irú iṣẹ́ yìí, /dev/null ni wọ́n ń pè é, ó sì dà bí kòtò tí kò ní ìsàlẹ̀: ohun tí wọ́n bá jù sí i kì í padà, kì í sì í gba ààyè. Ìyára tí ó bá rí níbẹ̀ jẹ́ ti díìsìkì nìkan. Lẹ́yìn náà yóò fi ẹrù asán ránṣẹ́ láti ẹ̀rọ kìíní sí èkejì láìfi ọwọ́ kan díìsìkì kankan. Èyí jẹ́ ti wáyà nìkan. Ní ìkẹyìn yóò ní kí ẹ̀rọ tí ó wà ní òpin ọ̀nà fúnra rẹ̀ pèsè ẹrù, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí jẹ́ ti ìkọsílẹ̀ nìkan. Yóò kọ iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé. Èyí tí ó bá súnmọ́ ìyára ẹ̀dà náà jù lọ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ dá dúró fún ìbéèrè. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sì yára, ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ: ọ̀ràn náà wà nínú irú ẹrù tí wọ́n ń gbé, tàbí nínú ohun mìíràn tí ń rin ọ̀nà náà ní wákàtí kan náà.

Irú ẹrù ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ẹni tí wọ́n ní kí ó gbé àpò ẹ̀pà kan láti oko wá sílé yóò gbé e ní ìrìn kan. Ẹni tí wọ́n ní kí ó kó ẹ̀pà kan náà wá ní hóró kọ̀ọ̀kan, kí ó sì máa padà sí oko lẹ́yìn hóró kọ̀ọ̀kan, yóò di arúgbó sójú ọ̀nà. Díìsìkì kan tí ó wọ́pọ̀ máa ń yí ní ìgbà 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, apá kékeré kan sì ń lọ tí ó ń bọ̀ lórí rẹ̀ bí apá gíràmafóònù. Kí apá náà tó dé ibi tí fáìlì wà, kí ibẹ̀ sì tó yí dé abẹ́ rẹ̀, ó ń gba nǹkan bí 12 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó jọ pé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé apá náà kò lè dé ju nǹkan bí ibi 80 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí fáìlì 1,000,000 bá fọ́n káàkiri orí díìsìkì náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì ju báìtì 4,000 lọ, gígábáìtì 4 péré ni gbogbo wọn. Fáìlì kan ṣoṣo tí ó tóbi tó gígábáìtì 4 lè kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n àwọn fáìlì mílíọ̀nù kan wọ̀nyí yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 12,500, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 3 àti ààbọ̀. Olùtọ́jú tí ó bá ń wo ìwúwo ẹrù nìkan, tí kò ka iye hóró rẹ̀, yóò máa ṣe kàyéfì títí. Oògùn rẹ̀ ni pé kí wọ́n da ohun tí ó wà lórí díìsìkì kọ bí ó ti tò tẹ̀lé ara wọn, láìmáa wá fáìlì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí kí wọ́n lo díìsìkì tuntun tí kò ní ohun tí ń yí nínú.

Àwọn arúfin mìíràn wà tí kò gba àlàyé púpọ̀. Ètò tí ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà nítorí kòkòrò lè máa dá fáìlì kọ̀ọ̀kan dúró láti yẹ̀ ẹ́ wò, bí ọlọ́pàá tí ń dá gbogbo ọkọ̀ dúró lójú pópó. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà lè rẹ̀ nítorí pé wọ́n ní kí ó fún ẹrù pọ̀ jù. Iṣẹ́ mìíràn lè wà tí ẹnì kan ti ṣètò sí aago 12 òru kan náà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ti téèpù tilẹ̀ ń tan ènìyàn jẹ. Láti ọdún 2000 ni irú téèpù tí wọ́n ń pè ní LTO ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ó sì yára. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ẹrù máa dé láìdáwọ́dúró. Bí ẹrù bá ń kán tótó, téèpù yóò sáré kọjá ibi tí ó yẹ, yóò dúró, yóò padà sẹ́yìn, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń fi í wé aṣọ ẹni tí ń dán bàtà, tí ń lọ tí ń bọ̀ lójú kan náà. Ẹni tí ó bá gbọ́ ariwo rẹ̀ yóò ní téèpù ni ó bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni díìsìkì tí ń bọ́ ọ ni kò yára tó.

Bí olùtọ́jú bá ti tún ibi tí ó há ṣe, tí ẹrù sì ṣì ju òru lọ, ó tó àkókò láti béèrè bóyá ó yẹ kí gbogbo ẹrù máa rìn ní alaalẹ́. Nínú ìwé 100 tí ó wà nínú sáfà, ó lè jẹ́ 3 péré ni ọwọ́ kàn láti àná. Ní ọdún 1996, Andrew Tridgell àti Paul Mackerras ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà gbé ètò kan jáde tí wọ́n pè ní rsync. Ètò yìí ń fi fáìlì tí ó wà níhìn-ín wé èyí tí ó wà lọ́hùn-ún ní apá kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àmì kékeré mọ apá tí ó yí padà, èyí nìkan ni ó sì ń fi ránṣẹ́. Níbi tí iná mànàmáná kì í ti í dúró, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Nàìjíríà, ètò tí ó mọ ohun tí ó ti dé tẹ́lẹ̀ tún ní àǹfààní mìíràn: bí iná bá lọ ní àárín òru, kò ní láti tún gbé àwọn fáìlì tí ó ti gúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun gbogbo ni ó ní iye tirẹ̀. Bí wọ́n bá ń tọ́jú àyípadà òru kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ dá nǹkan padà, wọ́n ní láti kó ẹ̀dà àkọ́kọ́ àti gbogbo àyípadà tí ó tẹ̀lé e jọ. Ìṣẹ́jú tí wọ́n fi pamọ́ ní òru lè di wákàtí ní ọjọ́ wàhálà.

Nípa ọjọ́ wàhálà, ìṣẹ̀lẹ̀ kan wà tí ó kọ́ àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọgbọ́n. GitLab jẹ́ ibi tí àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ń fi iṣẹ́ wọn pamọ́ sí. Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀ ń gbìyànjú láti tún ẹ̀rọ kejì tò, èyí tí ń tẹ̀lé ẹ̀rọ àgbà lẹ́yìn. Ó pàṣẹ pé kí a pa àpò kan rẹ́. Ó rò pé orí ẹ̀rọ kejì ni òun wà, àṣé orí ẹ̀rọ àgbà ni. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì ó ti rí àṣìṣe náà, ó dá a dúró. Ṣùgbọ́n nínú nǹkan bí gígábáìtì 300, nǹkan bí 4.5 ni ó kù. Wọ́n sáré lọ sí ibi tí ẹ̀dà ojoojúmọ́ yẹ kí ó wà, wọ́n bá ibẹ̀ ní òfìfo: ètò tí ń ṣe ẹ̀dà náà ti gbó ju ohun tí ó yẹ kí ó dà kọ lọ, ó sì ti ń kùnà, lẹ́tà ìkìlọ̀ tí ó ń kọ kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ó gbà wọ́n ni ẹ̀dà kan tí wọ́n ti ṣe ní nǹkan bí wákàtí 6 ṣáájú, nítorí iṣẹ́ mìíràn. Orí àwọn díìsìkì tí owó wọn kò pọ̀ ni ẹ̀dà yìí wà, nǹkan bí mẹ́gábíìtì 60 ni ó sì lè tú jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wáyà kò jẹ̀bi, ọpọlọ kọ̀ǹpútà kò jẹ̀bi; díìsìkì nìkan ni ó há. Nǹkan bí wákàtí 18 ni gbogbo ènìyàn fi dúró kí ẹ̀dà náà tó kọjá tán. Ìròyìn tí ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ gbé jáde fún gbogbo ayé kò fi ohun kan pamọ́: iṣẹ́ wákàtí 6 ṣègbé, èyí sì kan nǹkan bí iṣẹ́ 5,000, àlàyé 5,000, àti orúkọ àwọn ènìyàn tuntun bí 700. Bí kò bá sí ẹ̀dà kan tí ó ṣèèṣì wà yìí, òfò náà ìbá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀nà ẹ̀dà ní àlọ àti àbọ̀. Ọ̀pọ̀ ń wọn àlọ, wọn kò sì rántí àbọ̀. Bí àbọ̀ bá gba ọjọ́ méjì, ilé ìwòsàn yóò wà láìní káàdì fún ọjọ́ méjì, dókítà kò sì ní mọ oògùn tí ara aláìsàn kọ̀. Nítorí náà, olùtọ́jú tí ó mọyì iṣẹ́ rẹ̀ máa ń yan ọjọ́ kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí kò sí wàhálà, láti dá ẹ̀dà padà sórí ẹ̀rọ mìíràn, kí ó ṣí àwọn ìwé náà, kí ó rí i pé wọ́n ṣeé kà, kí ó sì kọ iye wákàtí tí ó gbà sílẹ̀. Iye yẹn ni ó yẹ kí ó mú tọ ọ̀gá lọ. Ọ̀gá tí kò lóye wáyà àti díìsìkì yóò lóye rẹ̀ dáadáa bí wọ́n bá sọ fún un pé, "Alàgbà, bí sáfà yìí bá kú lónìí, ọ̀túnla ni a óò tó lè dá oníbàárà kankan lóhùn."

Kò sí ohun àrà nínú gbogbo èyí. Kì í ṣe ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí ó wọ́n jù ni ó ń ṣẹ́gun ìfalẹ̀, bí kò ṣe ẹni tí ó ní sùúrù láti wọn nǹkan kí ó tó yí i padà, tí ó ń yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì ń kọ ohun tí ó rí sínú ìwé kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lè kà á. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Irú olùtọ́jú bẹ́ẹ̀ kò ní gba ìyìn púpọ̀, nítorí pé ọjọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ bá yọrí sí rere, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò rí: ilẹ̀ yóò mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ yóò tan kọ̀ǹpútà wọn, ìwé wọn yóò sì wà níbẹ̀.